Owó Ti Mọ̀ Kí Òǹwòran Tó Mọ̀

Ìlú kékeré kan ni Sopot, létí òkun Baltic ní orílẹ̀-èdè Poland. Afárá onípákó kan tó gùn ju mítà 500 lọ wọ inú òkun níbẹ̀, orí rẹ̀ ni àwọn tó wá gbafẹ́ nígbà ooru ti máa ń rìn lọ rìn bọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ, ọdún 2007, wọ́n ń gbá tẹ́nìsì nílùú náà lórí pápá alámọ̀ pupa. Nikolay Davydenko ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà wà lórí pápá. Ipò kẹrin ló wà nínú gbogbo àgbáyé nígbà náà, òun ló sì gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje yẹn gan-an lọ́dún tó ṣáájú. Martín Vassallo Argüello láti Ajẹntínà ló kojú rẹ̀, ipò 87 ni tiẹ̀. Ìpele kejì ni wọ́n wà. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ tẹ́nìsì díẹ̀ ni yóò sọ pé kò sí ìjà níbẹ̀ rárá.

Davydenko gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, 6–2. Àwọn òǹwòran tó jókòó ti pápá kò rí ohun ìyanu kankan. Ṣùgbọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lójú ọjà tẹ́tẹ́ Betfair tó wà ní London, ìyanu ń ṣẹlẹ̀. Owó ń rọ́ wọlé bí omi odò tó kún, Argüello ni wọ́n sì ń fi lé lórí. Lẹ́yìn tí Davydenko gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tán ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà dé. Ọkùnrin kan ń ṣíwájú, ọjà sì ti sọ ọ́ di ẹni tí yóò pàdánù. Argüello gba sẹ́ẹ̀tì kejì, 6–3. Ó ṣíwájú 2–1 ní sẹ́ẹ̀tì kẹta, ìgbà náà ni Davydenko ní ẹsẹ̀ ń dun òun, òun kò lè lọ síwájú mọ́. Bí ìdíje ṣe parí nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ṣírò owó tó kọjá lórí ọjà náà, ó tó mílíọ̀nù 7 dọ́là, nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ máa ń pa. Betfair ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọdún 2000 tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ó fagi lé gbogbo tẹ́tẹ́ tí wọ́n ta lórí ìdíje náà, ó dá owó padà fún àwọn tó ni ín.

Mo ti ka ìtàn ọjọ́ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ibì kan náà ló sì máa ń dá mi dúró. Owó ti mọ̀ kí òǹwòran tó mọ̀. Ẹni tó jókòó sí Sopot, tó ń fojú ara rẹ̀ wo ẹsẹ̀ Davydenko, kò mọ ohun tí àwọn kan tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà mọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó wà létí pápá, kí ni ká sọ nípa ọmọ wa tó wà ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, tó ń fi ọwọ́ tẹ fóònù, tó ń fi owó oúnjẹ lé ìdíje kan tí kò tilẹ̀ mọ ìlú tí wọ́n ti ń gbá a?

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa amọ̀ náà ná. A kàn ń pè é ní amọ̀ ni. Ní Roland Garros ní Paris, níbi tí wọ́n ti ń gbá ìdíje tó tóbi jù lórí irú pápá yìí, ohun tí ẹ máa rí lójú ilẹ̀ ni bíríkì pupa tí wọ́n lọ̀ kúnná bí èlùbọ́. Kò nípọn ju mìlímítà méjì lọ. Òkúta ẹfun tí wọ́n fọ́ túútúú ló wà lábẹ́ rẹ̀, èérí èédú tó ti jóná wà lábẹ́ ìyẹn, òkúta wẹ́wẹ́ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Omi ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Bí oòrùn bá mú, ilẹ̀ á gbẹ, bọ́ọ̀lù á máa ta dáadáa. Bí òjò bá ṣú tàbí tí òtútù bá mú, bọ́ọ̀lù á wúwo, eré á sì falẹ̀. Ìdíje kan náà, àwọn ènìyàn kan náà, ojú ọjọ́ nìkan ló yí padà, èsì lè yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́búlẹ́bú bíríkì yìí máa ń di bọ́ọ̀lù mú nígbà tó bá kanlẹ̀. Eré rẹ̀ á dín, á sì ta sókè. Sáàfù tí ì bá fò kọjá ẹni lórí koríko Wimbledon á ṣe pẹ̀lẹ́ lórí amọ̀, ẹni tó ń gbà á á ráyè gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ipò. Nítorí náà, ẹni tó ń sáàfù máa ń pàdánù géèmù rẹ̀ lórí amọ̀ ju bó ti ń pàdánù rẹ̀ lórí ilẹ̀ mìíràn lọ. Ẹni tó fi 4–1 ṣíwájú kò tíì jẹ nǹkan kan. Àmì-ayò kan lè gba ìgbà ogún kí bọ́ọ̀lù lọ kó bọ̀, sẹ́ẹ̀tì kan lè gba wákàtí kan àti ààbọ̀. Ibi tí èémí àti iṣan ẹsẹ̀ ti ń ṣèdájọ́ ni. Fún ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ nígbà tí ìdíje ń lọ lọ́wọ́, bí ayé ṣe ń yí padà yìí ló ń fà á mọ́ra: odds, ìyẹn iye èrè tí wọ́n kọ sí iwájú eléré, ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń dà bíi pé owó wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè bẹ̀rẹ̀ mú.

Ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà, ọdún 2004, ọmọ Ajẹntínà méjì ló pàdé ní àṣekágbá Roland Garros. Guillermo Coria gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ 6–0, ó gba ìkejì 6–3. Gastón Gaudio tó kojú rẹ̀ kò sí lára àwọn tí wọ́n tò sókè ìdíje náà rárá. Ta ni yóò fi kọ́bọ̀ kan lé Gaudio lórí ní wákàtí yẹn? Lẹ́yìn náà ni Gaudio gba sẹ́ẹ̀tì kẹta, iṣan sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀ Coria, débi pé kò lè sáré mọ́ ní sẹ́ẹ̀tì kẹrin. Síbẹ̀, ní sẹ́ẹ̀tì karùn-ún, ó tún padà dé ibi tí àmì-ayò kan péré yóò ti fún un ní ife-ẹ̀yẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dé ibẹ̀. Ó pàdánù méjèèjì. Gaudio ló gbé ife lọ: 0–6, 3–6, 6–4, 6–1, 8–6. (Àwa náà ti rí irú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí koríko ni: ní Wimbledon ọdún 1983, Nduka Odizor ọmọ Nàìjíríà ti pàdánù sẹ́ẹ̀tì méjì sọ́wọ́ Guillermo Vilas, ọba orí amọ̀ nígbà ayé rẹ̀, kó tó gba mẹ́ta tó kù léra wọn.)

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan kò tíì ti ẹnu bọ ọ̀rọ̀ tẹ́nìsì nígbà Gaudio, ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n ó ń wo eré ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà, ọdún 2025. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹran ṣì wà nínú ìkòkò. Carlos Alcaraz àti Jannik Sinner ń gbá àṣekágbá ní Roland Garros. Sinner ti gba sẹ́ẹ̀tì méjì, Alcaraz gba kan. Ní sẹ́ẹ̀tì kẹrin, Sinner ṣíwájú 5–3, Alcaraz ń sáàfù, àmì-ayò sì jẹ́ òdo sí ogójì. Ọ̀kan péré nínú àmì-ayò mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni Sinner ń wá láti gba ife-ẹ̀yẹ. Ọmọ yìí fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lé Sinner lórí ní ìṣẹ́jú yẹn, èrè tó ń retí kò sì tó ẹgbẹ̀rún kan. Ó pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá mi, ẹ̀ ń wò ó? Ó ti parí, àbí?" Mo ní kò tíì parí. Ó ní kí n má ṣèyọnu.

Alcaraz gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Ó gba sẹ́ẹ̀tì náà, ó gba ìkarùn-ún, lẹ́yìn wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 29. Kò sí àṣekágbá Roland Garros tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ náà kò pè mí padà títí ọjọ́ kẹta.

Mi ò sọ èyí láti dójú tì í. Kò sí ẹni tó tàn án jẹ lọ́jọ́ yẹn, eré gidi ni àwọn ọkùnrin méjì náà ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé wa ni pé amọ̀ ní àṣírí tó ń pa mọ́ láìsí èrú kankan, inú ara eléré ló sì máa ń pa á mọ́ sí. Ní ọjọ́ 31, oṣù Karùn-ún, ọdún 2009, Rafael Nadal kò tíì pàdánù ìdíje kan ṣoṣo rí ní Roland Garros. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti gbá, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti borí. Robin Söderling láti Sweden nà án, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sí kan. Gbogbo ayé ha ẹnu. Láìpẹ́ sí i ni Nadal kéde pé orúnkún ń dun òun, pé òun kò ní lè lọ dáàbò bo ife òun ní Wimbledon. Ẹni tó fi owó lé Nadal lórí ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gbé orúkọ wò, ó gbé ìtàn wò, ṣùgbọ́n kò lè gbé orúnkún wò. Dókítà ń wò ó, ẹni tó ń fọwọ́ ra ara rẹ̀ ń wò ó, olùkọ́ rẹ̀ ń wò ó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ta ọjà yìí fún wa. Bí iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ bá kọ 1.25 sí iwájú eléré kan, ẹni tó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lé e lórí yóò gba ẹgbẹ̀rún méjìlá àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta bí ó bá borí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ìgbà ọgọ́rùn-ún, iléeṣẹ́ náà ka ọgọ́rin sí tiẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 3.75 sí iwájú ẹnìkejì, nǹkan bí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n kà sí ti ìyẹn. Ẹ ro ó pọ̀: ọgọ́rin àti mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n di mẹ́tàdínláàádọ́fà. Ìgbà ọgọ́rùn-ún ni a ní, wọ́n sì ta mẹ́tàdínláàádọ́fà fún wa. Méje tó lé yẹn ni oúnjẹ iléeṣẹ́. Kó o tó mọ̀ bóyá eléré rẹ jí dáadáa lówùúrọ̀, o ti san án.

Ti Betfair yàtọ̀. Ọjà gidi ni, bíi ti Bódìjà tàbí Dùgbẹ̀: ẹnì kan ní Davydenko yóò borí, ẹlòmíràn ní kò ní borí, wọ́n pàdé lórí iye kan, iléeṣẹ́ gba owó ọjà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Sopot ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo dọ́là tí ẹnì kan fi lé Argüello lórí, ẹnì kan wà ní òdìkejì tó gbà á. Àwọn wo nìyẹn? Àwọn tó gba ohun tí ojú wọn rí gbọ́ ni. Wọ́n rí ipò kẹrin, wọ́n rí ipò 87, wọ́n rí 6–2, wọ́n sì rí i tí àwọn kan ń bẹ̀bẹ̀ láti ta tẹ́tẹ́ takò ọkùnrin tó ń ṣíwájú. Wọ́n rò pé Ọlọ́run ló gbé owó ọ̀fẹ́ kò wọ́n. Òfin ọjà náà sì ni pé bí sẹ́ẹ̀tì kan bá ti parí, bí eléré kan tilẹ̀ fi ìdíje sílẹ̀, tẹ́tẹ́ dúró. Sẹ́ẹ̀tì méjì ti parí ní Sopot. Bí Betfair bá tẹ̀ lé òfin náà bó ṣe wà, owó àwọn èèyàn wọ̀nyí ì bá ti lọ.

Ẹgbẹ́ ATP tó ń darí tẹ́nìsì àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ó gbà wọ́n ju ọdún kan lọ. Ìròyìn tó jáde nínú ìwádìí náà ni pé àpò tẹ́tẹ́ mẹ́sàn-án láti Rọ́ṣíà ti fi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là lé e pé Davydenko yóò pàdánù, àti pé àpò méjì mìíràn ì bá jẹ èrè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 6 bí tẹ́tẹ́ náà bá dúró. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2008, ATP kéde pé àwọn kò rí ẹ̀rí kankan tó fi hàn pé Davydenko tàbí Argüello tàbí ẹlòmíràn rú òfin. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni Davydenko ti sọ pé òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìyà sì jẹ ẹ́ láàárín ọdún yẹn: ní St. Petersburg, ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2007, adájọ́ pápá kìlọ̀ fún un lójú gbogbo ayé pé kò sa gbogbo ipá rẹ̀, wọ́n bu owó ìtanràn 2,000 dọ́là lé e, wọ́n sì wọ́gi lé ìtanràn náà lẹ́yìn-ò-rẹyìn. Ní ọdún 2009, ó gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje ìparí ọdún ní London. A dá a láre, a sì gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ ní ẹni tí a dá láre.

Ṣùgbọ́n ìdáláre eléré kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó mọ nǹkan. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn ta ìdíje, ọ̀tọ̀ ni kí ará ilé tàbí ẹni tó wà nítòsí mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dun ẹnì kan, kó sì lọ sọ fún ọ̀rẹ́. Ẹni tó mọ̀ pé kòkó oko kan ti ń jẹrà kò ní láti bá olóko dìtẹ̀ kó tó tètè ta tiẹ̀. Àwọn aláṣẹ tẹ́nìsì mọ èyí. Òfin ìgbógunti ìwà ìbàjẹ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ tẹ́nìsì jọ fọwọ́ sí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2009, ka fífi irú ọ̀rọ̀ abẹ́lé bẹ́ẹ̀ tọrẹ fún atatẹ́tẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ gidi. Sopot ló bí òfin náà. Òun náà ló jẹ́ kí wọ́n gbé iṣẹ́ fún àwọn ọlọ́pàá méjì tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìlú Ọba, Ben Gunn àti Jeff Rees, láti yẹ gbogbo eré náà wò. Nínú ìdíje 73 tí wọ́n yẹ̀ wò, 45 ni bí owó ṣe ń rìn lórí rẹ̀ mú ìfura dání. Ní 2008 ni wọ́n dá ẹ̀ka tó ń rí sí ìwà òtítọ́ nínú tẹ́nìsì sílẹ̀, Rees ló sì kọ́kọ́ darí rẹ̀.

Ìṣòro tó tún wà ni ti àkókò. Ohun tí ẹ ń rí lórí fóònù yín kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni. Adájọ́ tó wà lórí àga gíga ní ẹ̀rọ kan lọ́wọ́. Bí àmì-ayò bá wọlé, ó tẹ ẹ́, èsì náà rìn lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ra ìròyìn náà, ìyẹn gbé e fún àwọn iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́, kó tó kàn ọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n jókòó sétí pápá, kí wọ́n máa fi fóònù inú àpò ránṣẹ́ kí adájọ́ tó tẹ tiẹ̀. Ní ọdún 2016, ìròyìn jáde pé àwọn adájọ́ kan ní àwọn ìdíje kéékèèké ń mọ̀ọ́mọ̀ dá èsì dúró, nígbà mìíràn tó ìṣẹ́jú kan gbáko, kí àwọn tí wọ́n jọ mulẹ̀ lè ráyè fi owó lé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán. Ìṣẹ́jú kan lórí pápá tẹ́nìsì pọ̀ púpọ̀. Ẹni tó wà ní òdìkejì tẹ́tẹ́ yẹn ń ta tẹ́tẹ́ lórí àná.

Àwọn ìdíje kéékèèké wọ̀nyí ló yẹ ká bẹ̀rù jù, àwọn náà ló sì kún orí fóònù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí kò sí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ní 2012 ni àjọ tẹ́nìsì àgbáyé, ITF, bẹ̀rẹ̀ sí í ta èsì ojú ẹsẹ̀ wọn fún iléeṣẹ́ Sportradar, nígbà tí wọ́n sì sọ àdéhùn náà di ọ̀tun, mílíọ̀nù 70 dọ́là ni wọ́n fẹnu kò sí. Kí ni eléré tó ń gbá ìdíje náà ń gbà? Gbogbo owó ẹ̀bùn ìdíje tó kéré jù kò ju 15,000 dọ́là lọ fún gbogbo àwọn tó wá. Ẹni tó bá pàdánù ní ìpele kìn-ín-ní kì í rí 200 dọ́là gbà. Nínú ìyẹn ni yóò ti san owó ọkọ̀ òfuurufú, owó ilé ìtura, owó ẹni tó ń hun ráákẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí agbẹjọ́rò Adam Lewis darí béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ eléré tó ju 3,200 lọ, 464 nínú wọn ló sọ pé àwọn fúnra àwọn mọ̀ nípa ìdíje títà. Ní 2023, ilé ẹjọ́ kan ní Bẹ́ljíọ̀mù rán Grigor Sargsyan lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Òun ló wà nídìí okùn kan tó so eléré tó lé ní 180 pọ̀.

Síbẹ̀, ọkùnrin kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Marco Trungelliti ló ń jẹ́, ọmọ Ajẹntínà, eléré orí amọ̀ ni. Ní 2015 ni àwọn kan pè é pé àwọn fẹ́ fi owó ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó débẹ̀, ó rí i pé ìdíje títà ni wọ́n fẹ́ bá a dá. Ó sọ fún ìwé ìròyìn La Nación pé wọ́n ka iye rẹ̀ fún òun: ẹgbẹ̀rún méjì sí mẹ́ta dọ́là fún ìdíje tó kéré jù, ẹgbẹ̀rún márùn-ún sí mẹ́wàá fún èyí tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta sí ọgọ́rùn-ún fún ti ATP. Kò gbà. Ó lọ sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ òtítọ́ tẹ́nìsì, ó sì jẹ́rìí nígbà tí wọ́n pè é. Lára àwọn ẹjọ́ náà ni ti Nicolás Kicker, ọmọ ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní Kicker ta ìdíje kan ní Padova ní Ítálì àti òmíràn ní Barranquilla ní Kòlóḿbíà, lọ́dún 2015, orí amọ̀ ni méjèèjì. Ní 2018 wọ́n lé e kúrò nínú eré fún ọdún mẹ́fà, wọ́n dá mẹ́ta dúró nínú rẹ̀, wọ́n sì bu ìtanràn 25,000 dọ́là lé e.

Nílé, olófòófó ni wọ́n pe Trungelliti. Àwọn eléré ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é ní àjèjì.

Ní ọdún 2018 kan náà, ó pàdánù nínú ìdíje ìyege fún Roland Garros, ó sì padà sí Barcelona lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Wọ́n pè é pé ẹnì kan ti fara pa, pé ààyè ti ṣí bí ó bá lè dé Paris ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó kó ìyá àgbà rẹ̀ tó lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n sì wakọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ọ̀gànjọ́ ni wọ́n dé. Ní àárọ̀, ó fọwọ́ síwèé, ó bọ́ sórí amọ̀, ó sì na Bernard Tomic ti Ọsirélíà, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sí kan. Kò sí nínú ìṣirò ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kankan pé ìyá àgbà wà nínú ọkọ̀. Nítorí irú àárọ̀ yẹn ni mo ṣe fẹ́ràn eré yìí, nítorí rẹ̀ náà ni ó ṣe ń bí mi nínú bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di kálòkálò.

Ọ̀rọ̀ mi kù sí ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ wa. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé ọwọ́ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ni àṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ wà, pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ kò lágbára lórí rẹ̀. Ó ti di ọ̀rọ̀ Ìkẹjà, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì báyìí. Mi ò ní kí wọ́n ti gbogbo ilé tẹ́tẹ́ pa, n kò gbà pé ó ṣeé ṣe. Ohun mẹ́ta ni mò ń béèrè. Kí gbogbo iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, ní lẹ́tà ńlá, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó ẹni bí eléré bá fi pápá sílẹ̀ láàárín ìdíje, nítorí òfin wọn kò dọ́gba: àwọn kan á san, àwọn kan á dá owó padà, ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ kì í sì í mọ̀ títí owó á fi lọ. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èsì tó wà lójú fóònù ti pẹ́ kó tó dé. Kí wọ́n sì yọ àwọn ìdíje tẹ́nìsì tó kéré jù kúrò nínú ohun tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ wa.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n, títí wọn yóò fi ṣe é, ẹ gba fóònù náà, kí ẹ jókòó ti ọmọ yín, kí ẹ jọ ka òfin ìfipápásílẹ̀ yẹn pọ̀ kí ó tó fi owó lé ìdíje mìíràn. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti kà á. Ojú ìwé kẹsàn-án ni wọ́n fi í sí.